Ìlà Tí N Kò Kà fún Ìyá, àti Ọ̀nà Abẹ́ Irin Tí Wọ́n Ṣí Padà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè lónìí kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí ti pẹ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni. Wọn kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú yín nígbà náà.

N kò sọ ọ́ parí fún ẹnikẹ́ni rí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, tí mo dé ìdajì, màá dìde, màá ní mo fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Ṣé mo tiẹ̀ ní ewúrẹ́? Rárá o! Ṣùgbọ́n lónìí mo ti ti ilẹ̀kùn, mo sì ti jókòó.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ajah. Ilé àwọn àna mi ní Addo ni èmi àti ìyàwó mi, Rábíátù, ń gbé pẹ̀lú ọmọ wa kan ṣoṣo, Mọ́ríámọ̀. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ọkùnrin wo ló ń gbé ilé àna rẹ̀? Ẹ má tètè dá mi lẹ́jọ́! Ilé tíṣà tí wọ́n ní àwọn máa fún mi kò ní òrùlé, ìyá ìyàwó mi ló sì ní kí n má lọ fi òjò pa ọmọ òun.

Ìyá Alágbọn ni gbogbo èèyàn ń pe ìyá yìí. Àgbọn ló ń tà. Nígbà yẹn, igi àgbọn ló kún gbogbo etí òkun wa, láti Ajah títí dé ìsàlẹ̀ Lẹ́kí. Kò sí títì ńlá tí ẹ ń rí lónìí. Ọ̀nà iyanrìn ni, ọkọ̀ ojú omi ló sì yá jù. Ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Sátidé, Ìyá àti Rábí á kó àpò àgbọn sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì Bùráìmọ̀, ẹ̀gbọ́n Rábí. Wọ́n á gba orí ọ̀sà lọ sí òdìkejì Èkó, níbi tí stéṣọ̀n rélùwéè kan wà. Àwọn èrò tó ń lọ sí Òkè Ọya ló ń ra àgbọn náà. Àgbọn kì í hù lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá gbé e dé ojú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà.

Ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí wà ní apá kan irin, pèpéle tí èrò ti ń wọkọ̀ sì wà ní apá kejì. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti la ọ̀nà kan sábẹ́ irin náà fún ẹlẹ́sẹ̀. Bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, òkè rẹ̀ sì tẹ̀ roboto bí inú àgbá. Ihò Òyìnbó ni àwọn ọlọ́jà ń pè é. Ìyá Alágbọn ti ń gba ibẹ̀ láti ìgbà ọmọge rẹ̀.

Nígbà tó yá, omi òjò ya wọ inú Ihò náà, kò sì fà. Wọ́n fi pákó àti páànù dí ẹnu rẹ̀ lápá méjèèjì, wọ́n ní àwọn máa tún un ṣe. Òjò ọdún kan rọ̀, ti ọdún kejì rọ̀. Kí ni kí àwọn ọlọ́jà ṣe? Orí irin ni wọ́n ń gbà, pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Rábí ń bó àgbọn lẹ́yìnkùlé, èmi ń mákì ìwé. Ó ní, "Bàbá Mọ́ríámọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí àwọn ará stéṣọ̀n kí wọ́n ṣí Ihò yẹn. Ẹ̀rù ń bà wá lórí irin."

Mo ní kó jẹ́ kí ìdánwò parí. Ìdánwò parí, mo ní kó jẹ́ kí n kọ èsì tán. Mo kọ èsì tán, mo ní kí ilé ìwé kọ́kọ́ wọlé padà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lójoojúmọ́ lẹ ń kọ̀wé fún ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá kan ti ìyàwó yín ni tàdáwà máa ń tán."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ la fi í sílẹ̀.

Ọjọ́rú kan ni. N kò ní sọ ọ́ gùn. Ìyá ti kọjá, ó ti wà lórí pèpéle. Rábí dúró kí ọkọ̀ kan lọ. Nígbà tó lọ tán, ó gbé ẹsẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ láti apá kejì, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni kò jẹ́ kó rí i. Ìyá rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀.

Èmi wà níwájú pátákó, mò ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní ìṣirò, nígbà tí Bùráìmọ̀ yọ sẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà. Ó kàn ń wò mí.

Ní ọjọ́ náà gan-an la sin ín, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣé ẹ mọ̀ pé òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀? Wọ́n ní ìyá tó bá fojú kan ibojì ọmọ kan, ó ti ń pe òmíràn síbẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà àwọn obìnrin ilé mú Ìyá wọ yàrá, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Àwa ọkùnrin gbé Rábí lọ. Èmi mọ ibẹ̀. Bùráìmọ̀ mọ ibẹ̀. Ìyá tó bí i kò mọ̀ ọ́n, kò sì gbọdọ̀ béèrè. Nínú ọmọ mẹ́rin tó bí, Bùráìmọ̀ nìkan ló kù fún un.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Ìyá dìde, ó ní òun ń padà sọ́jà. Ẹnu ya gbogbo wa.

Ní tèmi, n kò lè jókòó síbì kan. Bí mo bá jókòó, lẹ́tà tí n kò kọ á wá jókòó tì mí. Màá rìn láti ilé dé etí ọ̀sà, màá rìn láti etí ọ̀sà padà sílé, màá tún lọ. Oúnjẹ mi máa ń tutù níbi tí mo gbé e sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá lọ sọ́jà ní Sátidé, mo ní mo fẹ́ bá a ru àpò. Tíṣà tó ń ru àgbọn! Bùráìmọ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bí òun ṣe ń wò ó, àpò ló ń ru Tíṣà.

Sátidé àkọ́kọ́ yẹn ni mo rí ohun tó mú Ìyá padà sọ́jà.

A dé orí irin. Nígbà tó kan irin kejì, Ìyá dúró. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ láàárín irin. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn pákó tí irin dùbúlẹ̀ lé.

Ó ní, "Rábí, a ti dé o. Mọ́ríámọ̀ ti ká eyín. Ọkọ rẹ rèé, ó ti rù, kì í jẹun. Àgbọn òní kéré díẹ̀, àmọ́ ó lómi."

Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀ láàárọ̀.

Bàbá kan wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ stéṣọ̀n, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa na àsíá sí awakọ̀: pupa kó dúró, àwọ̀ ewé kó máa lọ. Bàbá Alásíá la ń pè é. Ó sáré wá, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Alágbọn! Ẹ tún ti dúró síbẹ̀! Ọkọ̀ ń bọ̀ o! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́ ni?"

"Ẹ na àsíá yín, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Bí mo na mẹ́wàá, ọkọ̀ yìí kò lè dúró bí mọ́tò! Ìyá wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Kí ló tún fẹ́ fi arúgbó ṣe?"

Mo gbé ẹrù rẹ̀ mọ́ tèmi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ̀ náà kọjá. Atẹ́gùn rẹ̀ ṣí gèlè kúrò lórí Ìyá. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ṣa gèlè rẹ̀, ó wé e, ó lọ tajà.

Bàbá Alásíá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní gbogbo ìgbà ni. Ó ní ní Ọjọ́rú tó kọjá, òun ló fi ọwọ́ òun méjèèjì wọ́ ọ kúrò. Ó wá wo ojú mi, ó ní, "Tíṣà, lọ́jọ́ kan n kò ní tètè dé o."

Ẹ bá mi rò ó. Ìyá tí kò mọ ibojì ọmọ rẹ̀, ibi tí ọmọ náà ṣubú sí nìkan ló ní. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí dòní nìyẹn.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹnu wo ni màá fi bá ìyá ìyàwó mi wí? Ọmọ kékeré tó bá jẹ́ ẹbí ìyàwó, mo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí i, áńbọ̀sì ìyá tó bí ìyàwó fúnra rẹ̀. Mo ní ká jọ máa gba ibòmíràn, ó ní òun kò mọ ibòmíràn. Mo ní kó jókòó nílé kí n máa bá a lọ tà á, ó ní ṣé èmi tó ń pe àgbọn ní "cocoanut" fún ọmọ kíláàsì kìíní ni màá mọ èyí tó gbó!

Nítorí náà mo gbé kálámù. Mo kọ lẹ́tà tí Rábí ní kí n kọ. Mo kọ ọ́ lójúmọ́ kan, èmi tí n kò ráyè fún oṣù mẹ́fà.

Mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dára, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Mo sọ bí Ihò náà ṣe pẹ́ tó, bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń gba orí irin, ẹni tó ti bá a lọ. N kò kọ ọ́ pé ìyàwó mi ni. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fa omi inú rẹ̀, kí wọ́n ṣí i padà. Ní ìlà tó gbẹ̀yìn, mo wá kọ ọ́ pé kí wọ́n fi wáyà dí gbogbo orí irin láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹnikẹ́ni má lè gba ibẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìyá ni mo ń rò nígbà tí mo kọ ìlà yẹn. Mo fẹ́ kó wà láàyè.

Ní Sátidé, mo pe àwọn ìyá ọlọ́jà jọ sábẹ́ igi kan ní etí omi, mo ń ka lẹ́tà náà fún wọn, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bí mo ṣe ń kà ni wọ́n ń sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni!" "Ẹ bá wa sọ fún wọn!" Ìyá jókòó síwájú, ó tẹ́tí, bí ọmọ kíláàsì kìíní. Mo dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ bá tèmi.

Mo ká ìwé náà. Mo ní, "Ó parí."

Ìyá ló kọ́kọ́ tẹ̀ka. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó ní, "Rábí ló kọ́kọ́ sọ fún yín kí ẹ kọ ọ́. Ẹ ti kọ ọ́ báyìí. Ẹ ṣeun, Bàbá Mọ́ríámọ̀."

Ṣé ẹ rí nǹkan? Mo dá a lóhùn pé kò tọ́pẹ́!

Oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Gbogbo Ọjọ́ Ajé ni mò ń bi ẹni tó ń kó lẹ́tà wá sí Ajah bóyá èsì dé. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní dé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò dé. Lẹ́yìn náà, a gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, a bá àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi. Omi dúdú, àpò, bàtà ẹsẹ̀ kan, igbá! Àwọn ìyá ọlọ́jà patẹ́wọ́. Wọ́n ní Tíṣà ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ọ̀run. Wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ ni ọ̀gá kan máa wá ṣí i.

Ó yẹ kí n sọ ti wáyà náà fún Ìyá láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ méje gbáko! Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ìgbà mélòó kan. Ó máa ń bi mí pé kí ni mo ń wá, màá ní iyọ̀ ni.

Sátidé pé. A gúnlẹ̀. Wáyà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ga ju èèyàn lọ, ó ń dán nínú oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ògiri stéṣọ̀n, ó lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti nà án láàárín Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀, tí àwa kò sí níbẹ̀.

Ìyá dúró.

Bàbá Alásíá ló yọ sí wa pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́. Ó ní, "Tíṣà! Tíṣà wa! Wọ́n ṣe é gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe béèrè! Akọ̀wé ka lẹ́tà náà sí wa létí, títí kan wáyà tí ẹ ní kí wọ́n fi dí i. Láti òní lọ, mo lè sùn!"

Inú rẹ̀ dùn. Kò mọ nǹkan kan.

Ìyá yíjú sí mi. "Wáyà tí ta ni béèrè?"

Mo sọ àpò orí mi kalẹ̀.

"Ó wà nínú ìwé tí mo tẹ̀ka sí?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá."

"Ìka tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo! Ó ní, "Ìwọ. Ìwọ ló fi ọwọ́ mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi." Láti ìgbà tí mo ti gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó, kò pè mí ní "ìwọ" rí.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yẹ̀pẹ̀. Àwọn èrò ń yà mí sílẹ̀ lọ. Mo ní, "Mo fẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn ni." Ó ní, "Ṣé mo bẹ̀ ọ́ fún ẹ̀mí?"

Níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ọ̀gá náà tó ń sọ̀rọ̀ nípa bí ọ̀nà abẹ́ irin yìí ṣe jẹ́ ohun ìtàn, tó sì jẹ́ iyì fún ìlú. Wọ́n gé ọ̀já tí wọ́n ta sí ẹnu Ihò náà. Gbogbo èèyàn rọ́ wọ Ihò náà, wọ́n ń hó. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń wá mi kí wọ́n gbé mi sókè. Ìyá di wáyà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wo ibì kan láàárín irin. Ọkọ̀ Òkè Ọya dé, ó lọ. Kò ta àgbọn kan.

Nínú ọkọ̀ ojú omi bí a ṣe ń padà, ó bi Bùráìmọ̀ léèrè, ó ní, "Ibo lẹ sin Rábí sí?"

Bùráìmọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọwọ́ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá! Èèwọ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

"Mo ní ibì kan tẹ́lẹ̀. Kò dùn mí pé n kò mọ èkejì. Tíṣà ti gba ti àkọ́kọ́."

"Ìyá, èmi nìkan ló kù. Ṣé ẹ kò fẹ́ràn mi ni?"

Ìyá yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ó wo omi títí a fi dé Ajah. Nígbà tó ti lọ síwájú, Bùráìmọ̀ di aṣọ mi mú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kò gbọdọ̀ fi ibẹ̀ hàn án o. Ẹ ní ẹ mọ̀wé, ẹ lè má gbà á gbọ́. Èmi gbà á gbọ́. Mo ní ọmọ tí mò ń tọ́." Mo búra fún un pé n kò ní fi hàn án. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹ̀mí tirẹ̀ náà ni.

Ìyá kò lọ ní Ọjọ́rú. Ó jókòó sórí ẹní níwájú ilé, àgbọn ń hù nínú àpò lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá kí i, ó máa ń jẹ́ mi lóhùn, àmọ́ kì í wo ibi tí mo wà. Wọ́n gbé ẹ̀bà fún un, ó fi fún adìẹ. Mo wá rí i kedere. Mo gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin, mo gbé e wá sílé kó wá kú síbẹ̀.

N kò lè dúró nílé, n kò lè dúró ní ilé ìwé. Mo ń kọ nǹkan sórí pátákó, mo ń nù ún kí àwọn ọmọ tó kà á. Mo ti búra fún Bùráìmọ̀. Mo sì ti ṣẹ Ìyá. Àárín méjèèjì ni mo ń rìn sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ lè mọ̀: gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni mo máa ń lọ sí ibojì Rábí kí n tó lọ sí ilé ìwé. N kì í sọ ibi tí mo ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Jímọ̀ yẹn, oòrùn ti yọ dáadáa, mo jáde, mo dúró láàárín àgbàlá. Mo sọ ọ́ sókè, n kò wo ẹnì kankan. Mo ní, "Mò ń lọ kí Rábí o."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo rọra ń rìn.

N kò tíì dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí tí mo fi gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn mi, bàtà arúgbó tó ń wọ́ ilẹ̀ nínú iyanrìn. N kò bojú wẹ̀yìn. Ọrùn mi fẹ́ yí, n kò jẹ́ kó yí. Bí mo bá wò ó, èmi ni mo fi hàn án. Bí n kò bá wò ó, èèyàn kan ló ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ọ̀nà náà gba etí ọ̀sà kọjá. Bùráìmọ̀ sì wà níbẹ̀! Ó ti dojú ọkọ̀ rẹ̀ délẹ̀, ó ń kàn án. Ó gbé orí sókè, ó rí mi. Ó rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ó dìde pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Mo ń rìn lọ, nítorí kí ni mo tún lè ṣe?

Ó wò wá títí. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu pákó kan tí kò sí ìṣó kankan lórí rẹ̀. Kíkankíkan ló ń lù ú. A ti kọjá lọ jìnnà tí mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Mo dé ibẹ̀. Mo lóṣòó. Mo kí Rábí, mo ṣe àdúà fún un. Mo sì sọ ohun tí n kò lágbára láti sọ láti ìgbà náà: pé mo ti kọ lẹ́tà náà, pé mo kọ ọ́ pẹ́, àti pé mo ṣẹ ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè kí ẹni tó bá wà nítòsí lè gbọ́. Mo dìde, mo gba iwájú lọ sí ilé ìwé. N kò gba ibi tí mo gbà wá padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ, n kò mọ̀ ọ́n. Ti wọn ni.

Nígbà tí mo dé ilé lọ́sàn-án, Ìyá ń ṣa èyí tó ti hù kúrò lára àgbọn. Ó ní kí n wá bá òun di ẹnu àpò. Bùráìmọ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀ kí i bó ṣe máa ń ṣe nígbà kékeré. Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣúre fún un, ó pẹ́ lórí àdúà náà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: Bùráìmọ̀ rí ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ní Sátidé, a wọ Ihò Òyìnbó. Ìyá ló ṣáájú. Láti orí àtẹ̀gùn ló ti ń ráhùn. Ó ní wọ́n kun ògiri, wọn kò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, iná fìtílà ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ẹ̀lẹ́ńtíríìkì yìí lọ. Ó bi obìnrin kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà bóyá yàrá ọkọ rẹ̀ nìyẹn!

A dé àárín. Ọkọ̀ kan kọjá lórí wa. Ilẹ̀ mì, eruku ẹfun ń dà sí wa lórí, àwọn èèyàn tẹrí ba. Ìyá dúró. Ó gbójú sókè. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò lórí. Mo sọ lọ́kàn mi pé bó bá fẹ́ kí a dúró síbẹ̀ dọ̀la, a ó dúró.

Ìró náà lọ. Ìyá gbọn eruku kúrò ní èjìká. Ó ní, "Bàbá Mọ́ríámọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀. Ọkọ̀ Òkè Ọya kò ní dúró dè wá."

Ó tún ta àgbọn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Kí ni mo rí kọ́? Wọ́n ní ìwé kì í purọ́. Bóyá. Àwa tí a ń kà á fún ẹni tí kò lè kà á ni mo mọ̀ pé ó ń purọ́. Ohun rere ni mo fẹ́ fún Ìyá, wáyà náà sì gba ẹ̀mí là, n kò sọ pé kò gbà á. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ ṣe ènìyàn lóore, ẹ ka gbogbo ìlà rẹ̀ fún un kí ẹ tó gba ìka rẹ̀. Kó bínú sí yín lójú yín. Kó kọ̀ ọ́, bó bá fẹ́ kọ̀ ọ́. Ẹ ó jọ wá ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti ṣe irú èyí sí: ìyá, àna, ọmọ, ẹni tó fọkàn tán yín? Àbí ẹ̀yin ni wọ́n ṣe é sí? Mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún un kí ẹ tó sọ ọ́ fún wa.